Omi Tí Kò Yẹ Kó Hó

Òórùn ló jí mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ẹkún. Ọmọ wa ti pé oṣù márùn-ún, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun gígùn lóru, ohun tí a ti ń fi gbogbo ẹnu dúpẹ́ fún. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, mo dìde láti pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Bí mo ṣe tú u báyìí, nǹkan kan jáde láti inú rẹ̀ tó ta mí lójú bí èéfín igi tútù. Omi dà lójú mi. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mí kanlẹ̀, mo tún yí i padà. Gbogbo ibi tí aṣọ ti kan ìdí ọmọ ló ti pọ́n, ó pọ́n bí ẹni pé omi gbígbóná ló dà sí i.

Ìyàwó mi gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé ẹ tiẹ̀ fọ èyí ṣá?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju òórùn náà lọ. Mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́. Ọṣẹ tí mo dà sí i tó fọ aṣọ odindi ọjà. Mo fi omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ ṣan án, mo sì sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ gbó-gbó-gbó. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ ni aṣọ fi ń mọ́, kò sí ìlédìí tó mọ́ tó tèmi láyé.

Kí n ṣàlàyé bí mo ṣe débẹ̀. Èmi bàbá ni alágbàfọ̀ ilé wa. Kí ọmọ tó dé la ti pinnu pé aṣọ la máa lò, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni wàásù fún wa. Ìyàwó mi ló kàn jókòó lọ́jọ́ kan tó ń ṣírò: ọmọ tuntun a máa lo ìlédìí 10 sí 12 lójúmọ́, bó bá dàgbà díẹ̀, á dín kù, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún méjì àbọ̀ kó tó bọ́ nídìí rẹ̀ pátápátá. Ó kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀, ó wo àpò ìdọ̀tí wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Níbo la máa kó gbogbo èyí sí?" Iṣẹ́ tirẹ̀ ń mú un jáde láàárọ̀, tèmi, iwájú kọ̀ǹpútà nínú ilé ni. Mo ní kó fi fífọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ṣe ìbúra.

Oríṣi méjì la kó jọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Iye yẹn ló jẹ́ kí àwọn kan wà lára okùn, kí àwọn kan wà nínú garawa, kí ìdí ọmọ má sì ṣòfo. Èkíní ni nápì àtijọ́, aṣọ òwú funfun onígun mẹ́rin tí àwọn ìyá wa mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹ ó ṣẹ́ ẹ po sí igun mẹ́ta, ẹ ó gbé ìdí ọmọ lé e, ẹ ó mú igun kan gba àárín itan wá síkùn, ẹ ó mú méjì yòókù wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó wá fi píìnì dè é. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán tí mo fi kọ́ ọ: ìka yín méjì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín píìnì àti ikùn ọmọ, kó lè jẹ́ pé bí píìnì bá máa gún ẹnì kan, ẹ̀yin ni. Mo ní àpá méjì lórí ìka ìlábẹ̀. Walter Hunt, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí píìnì yìí ní 1849, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 400 dọ́là péré. Ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Èkejì ni ti ìgbàlódé: aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lẹ́yìn kí ìtọ̀ má baà jò, tó ní bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ níwájú, tó sì ní àpò nínú tí a ń ki aṣọ tó ń fa omi sí. Èyí yá, kò sì gún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n méjèèjì ń mú ìdí ọmọ tóbi. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Nínú nápì, kò sọ́mọ tí kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ṣòkòtò tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ló há.

Ó yẹ kí ìbẹ̀rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé nápì tuntun mọ́ ọmọ nídìí, ìtọ̀ sáré lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, ó gba ẹ̀gbẹ́ itan jáde, ó bá mi lápá. Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú tuntun ní epo tirẹ̀ lára, epo yẹn kì í sì í jẹ́ kó mu omi. Àfìgbà tí a bá fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí epo náà ṣí, ni yóò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ délẹ̀. Mo gbọ́ pé kí n máa fọ̀ ọ́ dáadáa. Mi ò gbọ́ pé ohun tó bá bo òwú lára ló ń ba òwú jẹ́.

Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ, èyí tó dúdú tó sì ń fà bí ọ̀dà, mi ò ní fi gùn yín lórí. Àkísà ni kẹ́ ẹ wá fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ìgbẹ́ wàrà ọyàn ló kù, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí omi ti rẹ. Omi lásán ń tú u kúrò lára aṣọ. Bí mo ṣe di akọni nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á wá sílé, wọ́n á rí nápì funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára okùn, èmi á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí i pé wọ́n rí i.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣejù. Bí èmi ti ń fẹ́ kó mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni mò ń da ọṣẹ kún ọṣẹ. Ó dà bíi pé aṣọ náà ń le, mo bá ra omi ìmúṣọrọ̀ olóòórùn dídùn. Ìdí ọmọ pọ́n díẹ̀, mo bá fi ìpara olóròóró kùn ún, mo kùn ún nípọn bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Aṣọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo ní bóyá kò mọ́ tó ni, mo tún da ọṣẹ kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ òórùn yẹn, mo pe ìyá mi.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi."

"Káàárọ̀ o, ọkọ mi. Ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?"

Mo rò fún wọn látòkè délẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń fi ẹ̀rín pa mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń ṣan án?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, mà. Ẹ̀ẹ̀kejì, omi olóòórùn yẹn ni mo fi ń ṣan án."

"Ẹ̀ẹ̀kan!" Wọ́n pa òṣé. "Ọṣẹ tí ìwọ kò bá ṣan kúrò, ìtọ̀ ọmọ ló máa bá ẹ ṣan án, ìdí ọmọ ló sì máa ṣan án sí. Gbọ́. Kó gbogbo èyí tó o ní ó mọ́ síbì kan. Da omi gbígbóná lé e. Má fọṣẹ kankan sí i o. Kó o wá dúró wò ó."

Mo kó 12 tó wà nínú dúrọ́ọ̀ sínú báfù. Mo ti ká wọn dáadáa, igun lé igun. Wọ́n ṣì ń ta sánsán. Mo da omi gbígbóná lé wọn lórí, mo mú ọ̀pá, mo ro ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúró.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ létí báfù bí itọ́, ó wá ń kún, ó ń wú, títí ìfófò funfun fi bo aṣọ mọ́lẹ̀ tí mi ò rí nápì kankan mọ́. Ọṣẹ ọ̀sẹ̀ kan kọ́ nìyẹn, ọṣẹ oṣù márùn-ún ni. Nígbà tí mo fọwọ́ gbá ìfófò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi abẹ́ rẹ̀ ti ṣú bí omi ìfọ̀lẹ̀, òórùn ìdájí yẹn sì rú sókè láti inú rẹ̀, nínú aṣọ tí mo ti ká sí dúrọ́ọ̀. Mo da omi yẹn nù, mo da òmíràn. Ó hó. Mo da ẹ̀kẹta, ó hó. Ẹ̀kẹfà ni omi tó dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro, nígbà tí mo wá fara balẹ̀ wá a kà. Omi ilé wa jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù àti magnesium ló pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọn náà ló ń dì bí ìpẹ́ funfun sí ìsàlẹ̀ kẹ́tùrù. Bí ọṣẹ gidi, èyí tí a fi epo ṣe, bá pàdé wọn, wọ́n á dì pọ̀, wọ́n á di èérí tó ń lẹ̀ mọ́ òwú. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ìfọṣọ ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá da òun náà ní àdàjù tí a ò sì ṣan án délẹ̀, yóò dúró sínú aṣọ. Omi ìmúṣọrọ̀ wá ń kùn ún ní ọ̀rá, torí ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ nìyẹn. Ìpara olóròóró parí iṣẹ́. Mo ti dá òwú padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a rà á, ewé kókò.

Òórùn yẹn ńkọ́? Amóníà ni. Ìtọ̀ tuntun kì í rùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fara pamọ́ sábẹ́ èérí inú aṣọ ló ń jẹ yúríà inú ìtọ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di amóníà, pàápàá bí aṣọ bá tutù tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ìdí nìyẹn tí nápì fi lè gbẹ tán kó má rùn rárá, kó jẹ́ pé bí ọmọ bá ṣe tọ̀ sí i ni yóò tú àṣírí. Amóníà yìí fúnra rẹ̀ lè ta ara ọmọ; èyí tó tún burú ni pé ó ń ru àwọn èròjà kan nínú ìgbẹ́ sókè, àwọn tó ń da oúnjẹ nínú ikùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ ìdí ọmọ.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí ara mi ṣì máa ń bù máṣọ bí mo bá rántí. Láàárọ̀ yẹn kan náà, kí n tó pe Màámi, mo ti gbé ìgò bílíìṣì. Èrò mi ni pé kí n dà á sínú garawa tí àwọn nápì alẹ́ wà, pẹ̀lú ìtọ̀ àti amóníà inú wọn. Ọlọ́run ló ní kí n ka ẹ̀yìn ìgò. Bílíìṣì àti amóníà kì í pàdé. Afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n ń bí, ó sì ń ba èémí jẹ́. Nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo dá ìgò náà padà, mo jókòó sórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni bá fẹ́ lo bílíìṣì, aṣọ tí a ti fọ̀ tí a sì ti ṣan ìtọ̀ kúrò lára rẹ̀ pátápátá ni kó lò ó sí, níwọ̀nba, kó sì tún un ṣan.

Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ti rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń tì mí lójú díẹ̀. Garawa gbígbẹ ni mò ń kó wọn sí, kò sí omi nínú rẹ̀. Màámi máa ń rẹ tiwọn sínú omi láti àná, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń fọwọ́ di nǹkan mú dìde lè doríkodò sínú garawa, omi tí kò jìn ju ọwọ́ lọ sì tó pa ọmọdé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mi ò ń jẹ́ kó di ọjọ́ mẹ́ta, mo máa ń fi omi tútù ṣan gbogbo wọn láìfi ọṣẹ sí i. Omi gbígbóná kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn wọ́n, ńṣe ló ń se àbàwọ́n mọ́ aṣọ lára. Ẹ̀yìn èyí ni ti gbígbóná, ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ọṣẹ tó mọ níwọ̀n. Àwọn onírọ́bà kì í bá wọn dé ibi ooru yẹn, nítorí rọ́bà ẹ̀yìn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo wá ń ṣan án. Mo ń ṣan án, mo ń wo omi. Mi ò ka iye ìgbà mọ́. Bí ó bá ṣì ń hó, a ò tíì ṣe tán.

Òòrùn ló kù, mo sì fẹ́ràn apá yìí. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ ti ń jẹun, nápì kan jáde pẹ̀lú àmì pupa rẹ́súrẹ́sú tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ti bó o títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo sá a pẹ̀lú omi lára rẹ̀, mo kọ ojú àmì náà sí òòrùn. Ní ọ̀sán, ó ti rí bí ojú omi tíì tó ti gbẹ. Nígbà tí mo lọ ká aṣọ nírọ̀lẹ́, mi ò lè sọ èwo ni nápì náà nínú àwọn mẹ́jọ tó wà lára okùn. Mo gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan wò, mi ò rí i. Bí òjò bá wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Nápì àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ á ti gbẹ lórí àga nínú yàrá. Àwọn aṣọ inú àpò ti ìgbàlódé, tí wọ́n rán ní ìpele mẹ́rin lé ara wọn, á ṣì tutù ní àárín, wọ́n á máa rùn bí kànìnkànìn tí kò gbẹ. Nínú òjò ni mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kò gọ̀.

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ àyíká fọ́nnu fáwọn èèyàn kí ọ̀kan nínú wọn tó fi ìwádìí kan hàn mí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde ní 2008. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná tí ìdí ọmọ kan ń fà fún ọdún méjì àbọ̀: ìlédìí àlòdànù jẹ́ nǹkan bíi kílò 550, ti aláṣọ jẹ́ nǹkan bíi kílò 570, bí a bá ń fọ̀ ọ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń fọ̀ ọ́. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń sá a síta dípò ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, tí ẹ ń dúró kí ẹ̀rọ ìfọṣọ kún kẹ́ ẹ tó tàn án, tí ẹ sì tún lò ó fún ọmọ kejì, nǹkan bíi kílò 200 ló ń bọ́ kúrò lára ti aláṣọ. Bí ẹ bá ń fi ooru ńlá fọ̀ ọ́ tí ẹ sì ń fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó ń ju tirẹ̀ nù sàn jù yín lọ. Aṣọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ tó ń fọ̀ ọ́ ni. Mo dẹ́kun ìwàásù.

Mi ò tiẹ̀ lè bú ẹni tó sá fún un. Marion Donovan, ìyá ọlọ́mọ kan ní Amẹ́ríkà, ló gé aṣọ ìbòjú balùwẹ̀ ní 1946 tó fi rán ohun tó ń bo nápì kó má jò mọ́, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní 1951. Èyí tí gbogbo ayé wá ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìlédìí àlòdànù, tí àwa náà ń pè ní pámpáàsì láìka ẹni tó ṣe é sí, 1961 ló kọ́kọ́ jáde. Victor Mills, onímọ̀ kẹ́míkà, ló darí iṣẹ́ náà. Bàbá àgbà tí ọ̀ràn nápì ọmọ ọmọ rẹ̀ ti sú ni. Ìyàwó mi fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ó ní ọkùnrin mìíràn fọ̀ ọ́ títí ó fi dá nǹkan tuntun sílẹ̀, èmi fọ̀ ọ́ títí mo fi kọ búlọ́ọ̀gù.

Àwa náà máa ń lo àlòdànù bí a bá rìnrìn àjò. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń pàdánù nínú rẹ̀ ni ìròyìn. Lẹ́búlẹ́bú tó wà nínú rẹ̀ máa ń gbé omi mì, ó ń di jẹ́lì, èèyàn ò ní mọ̀ bóyá ọmọ tọ̀ díẹ̀ tàbí ó tọ̀ púpọ̀. Aṣọ kì í fi nǹkan pa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé garawa, ó fúyẹ́. Nápì méjì péré ló tutù láti òwúrọ̀, ìtọ̀ inú wọn sì pọ́n. Ọmọ ń ṣeré, ara rẹ̀ kò tíì gbóná rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ọmú tí ìyá rẹ̀ fún sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Nígbà tí ibà náà fi máa fojú hàn nírọ̀lẹ́, a ti múra dè é.

Ọmọ yẹn ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń pariwo fún gbogbo ilé bó bá ti ṣe tán. Oṣù tó kọjá ni ìyàwó mi gbé àpò kan wá sí iwájú mi láti orí àjà, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kejì sórí ikùn. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣì dáa." Rọ́bà itan àwọn méjì ti fà. Píìnì kan ti dípẹtà, mo sọ ọ́ nù. Àwọn onígun mẹ́rin wà síbẹ̀, wọ́n ti fẹ́lẹ́ díẹ̀ ní àárín, funfun wọn sì ti di ti wàrà.

Mo kó wọn sínú báfù. Mo da omi gbígbóná lé wọn lórí, mi ò fọṣẹ sí i, mo fi ọ̀pá ro ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ wá dúró tì mí, ó di etí báfù mú.

"Dádì, kí lẹ̀ ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá á hó."

A jọ dúró. Kò hó.